Orúkọ Kan Náà, Agbára Ọ̀tọ̀: Táyà Gbogbo-Ọ̀nà fún Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Fa Ẹrù

Kìlómítà 31,000 ni mo ti fi táyà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí rìn. Ó lé ní ìdajì ìrìn náà tí mo fi fa tirélà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó máa ń gbé katapílà kékeré tí mo fi ń gbẹ́ ilẹ̀ jẹun. Ìyókù, ọkọ̀ nìkan ló rìn. Píkọ́ọ̀pù oní-dísù ni ọkọ̀ náà, irú àwọn tí wọ́n ń kọ 2500 tàbí 250 sí lára. Táyà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kì í ṣe méjì-méjì. Ohun tí wọ́n kọ sára táyà náà nìyí: LT265/70R17 (LT ni pé táyà píkọ́ọ̀pù ni, ìyókù ni ìwọ̀n rẹ̀), Load Range E (ìpele ẹrù tó lè gbé), 121/118S, pẹ̀lú lẹ́tà A/T tó ń sọ pé táyà gbogbo-ọ̀nà ni, fún ọ̀dà, fún òkúta wẹ́wẹ́, fún ẹrẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Orúkọ ni mo gbójú lé nígbà àkọ́kọ́, ó sì kù díẹ̀ kó sọ mí sínú kòtò. Nọ́ńbà ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání.

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó ṣáájú mi, táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ dára lójú. Eyín gígùn, rọ́bà tó ń dán, lẹ́tà funfun gàdàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, orúkọ tí gbogbo dírẹ́bà mọ̀. Mo ti ìka bọ àárín eyín rẹ̀, mo rí i pé ó ṣì jìn, ọkàn mi balẹ̀ pé ó di ọdún mélòó kan kí n tó ra táyà. Mi ò bẹ̀rẹ̀ kí n ka ohun tó wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ so tirélà mọ́ ọn, ìdí ọkọ̀ ń fì. Fífì náà kò le. Bí mo bá yí sítíárì díẹ̀, iwájú á gbọ́, ẹ̀yìn á dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀lé e, bí ẹni tó wọ bàtà tó ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Tirélà ni mo dá lẹ́bi. Mo ti katapílà síwájú, mo fà á sẹ́yìn, mo tún bíréèkì tirélà tò, kò yí padà. Nígbà tí mo dúró ra epo, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan táyà iwájú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo kan ti ẹ̀yìn, mo sì yára fa ọwọ́ mi kúrò. Ó gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà. Mo rí i, mo sì tún padà sínú ọkọ̀, mo ń lọ. Ìyẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ìrìn kẹta ni táyà ẹ̀yìn ọ̀tún bẹ́. Ọ̀sán gangan ni, òòrùn mú, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Mo gbọ́ ìró bíi pé wọ́n fi pákó gbá abẹ́ ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ sì jókòó sápá ọ̀tún. Mi ò fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Bíréèkì tirélà nìkan ni mo fi ọwọ́ mú, díẹ̀díẹ̀, tí tirélà fi ń fà mí sẹ́yìn títí ọkọ̀ fi dúró létí ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ojú táyà ti ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo, wáyà ti yọ síta yíká.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù dúró fún mi. Ó wo táyà tó bẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síbi ti apá òsì tó ṣì dúró.

"Àbúrò, wá ka ohun tó wà níbí fún mi."

Mo ka orúkọ rẹ̀ sókè.

"Mi ò bi ọ́ ní orúkọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́?"

"LT265/70R17 ni, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, 112/109."

"Load Range wo?"

"C ni wọ́n kọ."

"Èwo ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ?"

Mi ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà fúnra wọn, wọ́n fi ìka hàn mí níbi tí ilẹ̀kùn ti ń pa dé, ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà tí mi ò kà rí. E ni wọ́n kọ síbẹ̀, pẹ̀lú 80 psi, ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó, fún ẹ̀yìn. "Ojú ni wọ́n fi ra táyà yìí," ni ẹ̀gbọ́n wí. Wọ́n bá mi ká sípíà sí i, wọ́n ní kí n má ṣe ju ogójì kìlómítà ní wákàtí kan lọ, kí n sì máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ńbà 112 yẹn kì í ṣe ìwọ̀n kìlógíráàmù, àmì ni, ó sì dúró fún 1,120 kg fún táyà kan. 121 dúró fún 1,450 kg. Nọ́ńbà kejì tó tẹ̀ lé e, 109 tàbí 118, jẹ́ ti ọkọ̀ tó ní táyà méjì-méjì lẹ́yìn, níbi tí táyà kọ̀ọ̀kan kì í ti í gbé tó ìgbà tó bá dá wà. S tó kẹ́yìn ni ìyára tó gbà, 180 km ní wákàtí kan. Ní ti Load Range, C máa ń gba afẹ́fẹ́ dé 50 psi, D dé 65, E dé 80. Àwọn fọkanáísà á sọ pé C jẹ́ pílàì mẹ́fà, D mẹ́jọ, E mẹ́wàá. Ìgbà tí wọ́n ń fi aṣọ òwú ṣe inú táyà ni kíkà yẹn ti wá. Lónìí ẹ ò ní bá aṣọ mẹ́wàá nínú táyà E kankan. Agbára tó dọ́gba pẹ̀lú mẹ́wàá àtijọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ẹ wá wò ó: táyà tó bẹ́ lábẹ́ mi àti èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, 265/70R17. Ríìmù kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n tiẹ̀ lè ní orúkọ kan náà àti eyín kan náà. BFGoodrich ti ta táyà KO2 rẹ̀ ní C, ní D àti ní E. Falken ti ta Wildpeak A/T3W tó jẹ́ ti ọkọ̀ kékeré, ó sì ti ta èyí tó jẹ́ LT oní-E. Ilé-iṣẹ́ kankan kò ṣẹ̀ níbẹ̀ o. C dára fún ọkọ̀ tó fúyẹ́: ó rọ̀ lójú ọ̀nà, kò wúwo, kò sì jẹ epo tó E. Ẹni tó fi í sábẹ́ ọkọ̀ tó ń fa tọ́ọ̀nù mẹ́rin ló ṣì í lò. Àmọ́ ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù táyà tó kàn ní "ẹ fún mi ní táyà báyìí-báyìí, 265/70R17," wọ́n lè gbé C fún un, kó sì máa dúpẹ́ pé owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ó tún ku ọ̀kan tó lè tan ènìyàn ju C lọ. P265/70R17 wà, tó ní P níwájú dípò LT, tí àmì rẹ̀ lè jẹ́ 113, ìyẹn 1,150 kg. Ẹ ò rí i, ó ju 1,120 ti C lọ. Ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ kékeré ni P, bí wọ́n bá sì gbé e sábẹ́ píkọ́ọ̀pù, òfin iṣẹ́ táyà ni pé kí wọ́n pín agbára rẹ̀ sí 1.10. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju 1,045 kg lọ.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n, pẹ̀lú tirélà, pẹ̀lú katapílà, pẹ̀lú àgbá dísù àti àpótí irinṣẹ́ tó máa ń wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ òfìfo lọ. Bí ẹ ṣe máa ń fà á gan-an ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Mo wọn ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀, tirélà lọ́tọ̀. Tirélà àti ẹrù rẹ̀ jẹ́ 3,900 kg. Ìwọ̀n tó fi lé orí bọ́ọ̀lù ìfà, irin róbótó ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń so tirélà mọ́, jẹ́ 480 kg, ó dára bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún tirélà elébọ́ọ̀lù ni kí ó wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló mú mi jókòó sílẹ̀: 2,590 kg. Táyà C méjì kò lè gbé ju 2,240 lọ. Mo ti ń fi 350 kg lé wọn lórí ju agbára wọn, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, lórí ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn ń gbà.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé 480 kg tó wà lórí bọ́ọ̀lù kì í fi 480 kg lásán kún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn táyà, bíi ọmọ tó jókòó sí ìpẹ̀kun pákó tí wọ́n gbé lé òkúta. Bó ṣe ń tẹ ẹ̀yìn, ó ń gbé iwájú sókè. Nínú ọkọ̀ tèmi, ohun tó bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó bíi 640 kg, iwájú sì fúyẹ́ ní bíi 160. Ìdí nìyí tí sítíárì fi máa ń fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, tí táyà ẹ̀yìn sì ń jìyà tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Ìyà náà, gbígbóná ni. Táyà ìwọ̀n yìí máa ń yí bíi ìgbà 400 nínú kìlómítà kan. Ní gbogbo yíyí, ibi tó bá kan ilẹ̀ á tẹ́, á tún gbéra. Bí ẹrù bá pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, títẹ́ náà á pọ̀, rọ́bà á gbóná, ẹ sì wo bí yóò ṣe rí ní 100 km ní wákàtí kan: ìgbà 40,000 kí agogo tó lù lẹ́ẹ̀kan. Ooru yẹn ló máa ń tú rọ́bà kúrò lára wáyà.

Kí n tó ra táyà tuntun, mo lo táyà ọ̀dà lásán fún oṣù mẹ́rin, èyí tí kò ní eyín ńlá, E ni òun náà. Mo fẹ́ sọ òótọ́ nípa rẹ̀: fún fífa ẹrù lórí ọ̀dà, kò sí táyà gbogbo-ọ̀nà tó lè bá a dọ́gba. Ọkọ̀ dúró ṣinṣin, kò pariwo, ó ń dúró dáadáa nínú òjò. Bí tirélà yín kì í bá kúrò lórí ọ̀dà láéláé, ẹ ra ìyẹn, kí ẹ má sì jẹ́ kí eyín gàgàrà tan yín. Èmi ni iṣẹ́ mi kì í parí sórí ọ̀dà. Ibi tí mo ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹrẹ̀ ni, pàǹtí ilé tí wọ́n wó ni, òkúta tó mú bí ọ̀bẹ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni katapílà mi fúnra rẹ̀ fa píkọ́ọ̀pù yọ nínú ẹrẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, òkúta sì gé ẹ̀gbẹ́ táyà kan débi tí fọkanáísà ní kò ṣe é lẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀: ibi ojú táyà tó ń kan ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kì í gba lílẹ̀.

Nígbà tí nọ́ńbà ti yé mi, ó wá ku eyín. Lóòótọ́, ibí ni ṣíṣà ti le, torí táyà gbogbo-ọ̀nà kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ní ìkángun kan, àwọn kan wà tí eyín wọn sún mọ́ra, tí àárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlà kan gbooro yíká. Ní ìkángun kejì, àwọn kan wà tí eyín wọn dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan tí àlàfo àárín wọn gba ìka méjì, tí wọ́n fi díẹ̀ yàtọ̀ sí táyà ẹrẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ojú máa ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ mú eyín kan nínú wọn kí ẹ mì í, á mì. Bí ó ti ń mì lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa mì lábẹ́ 1,300 kg nígbà tí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá kọjá tó sì ti tirélà yín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìfì tí ẹ ó máa rí, ẹ ó dá a lé tirélà lórí bí èmi náà ti ṣe.

Ohun tí mo wá ni èyí tí ìlà àárín rẹ̀ so mọ́ra, tí eyín etí rẹ̀ ní rọ́bà tó so ọ̀kan mọ́ èkejì nísàlẹ̀ kí wọ́n lè máa gbé ara wọn ró, tí àlàfo rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti tu ẹrẹ̀ dànù. Mo tún wo àwọn òkè kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ àlàfo, tó ń lé òkúta jáde kó má baà lu táyà. Mo rí méjì tó bá ohun tí mo fẹ́ mu. Ọ̀kan nínú wọn ní àmì òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín wà láàárín rẹ̀, èkejì ní M+S nìkan. Ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn bí ẹ bá ń rìn níbi tí yìnyín ti ń bọ́: M+S ń sọ nípa bí wọ́n ṣe gbẹ́ eyín nìkan, òkè olórí mẹ́ta ni àmì pé wọ́n ti dán an wò lórí yìnyín. Ìdánwò ọ̀hún, bí táyà ṣe ń gbéra lórí yìnyín tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wò. Kò sọ nǹkan kan nípa bí ó ṣe ń dúró lórí omi dídì. Èyí tó ní àmì náà ni mo rà, torí àwọn ìlà tín-ín-rín tó wà lójú eyín rẹ̀ wúlò nínú òjò pẹ̀lú.

Ọmọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí n mú 285/70R17. "Bọ̀dá, ẹ wo bó ṣe kún abẹ́ ọkọ̀," ló ń wí. Mo ní kó ka nọ́ńbà rẹ̀ fún mi. E ni, 121/118. Iye kan náà gan-an tí 265 ń gbé! Táyà tó tóbi jù, tó wúwo jù, tó ga ju tèmi lọ ní bíi 28 mm, kò sì fi kìlógíráàmù kan kún agbára ọkọ̀. Ohun tí ìga yẹn ń ṣe ni pé ẹ́ńjìnnì á máa tiraka ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti gbéra pẹ̀lú ẹrù, ìyára tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á sì kéré sí òótọ́: bó bá ń fi 100 hàn, ẹ ti ń sá ju 103 lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú 265.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè, tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ kì í béèrè, ni fáàfù, ẹnu kékeré tí wọ́n ń gbà fẹ́ táyà. Fáàfù rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ wọ ríìmù ọkọ̀ kékeré, 65 psi ni òpin rẹ̀. Táyà tí ẹ fẹ́ fẹ́ dé 80 ńkọ́? Mo ní kí wọ́n yọ ti àtijọ́, kí wọ́n fi onírin sí i. Mo tún yí ríìmù padà kí n ka iye tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, torí ríìmù náà ní ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Ti mi kọjá ti táyà, mo bá fi í sílẹ̀.

Kìlómítà 500 àkọ́kọ́, mi ò fa nǹkan kan. Táyà tuntun tí eyín rẹ̀ ga máa ń fì díẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi jẹ díẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 100 mo tún nọ́ọ̀tì gbogbo dè pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára, méjì sì ti dẹ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo so tirélà mọ́ ọn.

Ìfì ti lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ayọ̀ tó wà nínú ìyẹn fún ẹni tí kò bá tíì fa ẹrù pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń fì. Mo yí sítíárì, iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́ pa pọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tì mí lẹ́ẹ̀kan, mo dúró. Níbi tí mo ti dúró ra epo, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn, mo sì fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Títí dòní, mi ò tíì dúró níbì kan tí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. 1,450 kg tí wọ́n kọ sára táyà yìí, 80 psi ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ fi 50 psi sínú E, ohun tí C ń gbé náà ni yóò gbé, ẹ sì ti fi owó yín ṣòfò. Bí mo bá ń fa tirélà, mo máa ń fẹ́ ẹ̀yìn dé 80, iwájú 60, ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn rárá, pẹ̀lú gééjì tèmi. Lẹ́yìn wákàtí méjì lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn á ti tó 90. Ẹ má tú u dànù. Ó gbóná ni, bó bá tutù yóò padà sí ipò rẹ̀, bí ẹ bá sì ti tú u, òun ni yóò kéré ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ òfìfo, mo máa ń mú ẹ̀yìn padà sí 55, torí pé ní 80 láìsí ẹrù, ọkọ̀ á máa tàkìtì lórí gbogbo kòtò, àárín ojú táyà nìkan á sì máa jẹ.

Nínú ẹrẹ̀, ó ṣe ohun tí mo rà á fún. Katapílà kò tíì fà mí yọ rí láti ìgbà náà. Amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ra gan-an ṣì ń dí àlàfo eyín rẹ̀, nígbà yẹn mo máa ń yí sítíárì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ kí etí táyà lè mú nǹkan. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó dùn ún wà, kò sì sí òkúta tó tíì wọlé sára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ojú ọgbẹ́ mẹ́ta tó jìn díẹ̀, tí irin inú ilé wíwó fà á, wáyà tàbí aṣọ inú rẹ̀ kò sì hàn níbì kankan.

Nínú òjò lórí ọ̀dà, ó dára, àmọ́ kò tó táyà ọ̀dà lásán tí mo sọ. Mo máa ń fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ níwájú mi, pàápàá bí tirélà bá wà lẹ́yìn. Ariwo ńkọ́? Ó wà. Láti 70 km ní wákàtí kan lọ sókè, ó máa ń hùn bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní ilé kejì. Táyà kankan tó ní eyín kò yọ nínú ìyẹn. Epo pọ̀ díẹ̀ sí i náà; nínú ìwé tí mo ń kọ epo sí, ó fi bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù mẹ́rin tí mo lo táyà ọ̀dà. Táyà kan ṣoṣo tó 22 kg, mo gbé e lórí òṣùwọ̀n, ọkọ̀ ló sì ń yí gbogbo ìyẹn.

Tuntun, eyín rẹ̀ jìn ní 12 mm. Lónìí ó ku 8. Gbogbo kìlómítà 8,000 ni mo máa ń pààrọ̀ ipò wọn, ẹ̀yìn sí iwájú, iwájú sí ẹ̀yìn, torí àwọn tó wà lẹ́yìn máa ń jẹ ju àwọn ti iwájú lọ nígbà tí mo bá ń fa ẹrù. Jíjẹ náà dọ́gba yíká. Mo ṣe aláínímẹ́ǹtì lọ́jọ́ tí mo rà á àti lẹ́ẹ̀kan sí i.

Sípíà: ẹ rà á mọ́ mẹ́rin, E náà ni kó jẹ́, ìwọ̀n kan náà. Èyí tí ẹ̀gbọ́n bá mi ká sí i lọ́jọ́ náà, táyà ọkọ̀ kékeré ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n máa rìn bí ẹni ń rọra tẹ ẹyin. Ẹ tún ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára gbogbo táyà tí wọ́n bá gbé fún yín. 2322 ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Mo dá méjì padà ní ṣọ́ọ̀bù torí ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti lò lórí pákó, wọ́n sì pààrọ̀ wọn láìjiyàn.

Ti tirélà fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Mi ò fi táyà gbogbo-ọ̀nà sí i, àwọn tó ní ST níwájú ni wọ́n ṣe fún un, ẹ̀gbẹ́ wọn le fún títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí tirélà bá ń yí kọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba ju bíi 105 km ní wákàtí kan lọ, nítorí náà ìyára tiwọn ni mo fi ń rìn, kì í ṣe ti píkọ́ọ̀pù.

Nígbà tí eyín bá ku 5 mm ni màá pààrọ̀ gbogbo wọn, torí òjò. Èyí kan náà ni màá tún rà, ní 265, ní E. Mo ti kọ 121/118 sára ògiri gáréèjì mi, kí ọmọ iṣẹ́ mi lè rí i bí mi ò bá sí nílé.